Gbígbé Iwájú Pikọ́ọ̀pù Sókè: Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ayé Mi Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jókòó ti bàbá yín díẹ̀. Mùráínà ni orúkọ mi, àmọ́ ní Ìgbó-Ọrà níbí, tí ẹ bá béèrè Mùráínà, wọn á bi yín pé Mùráínà wo. Bàbá Sáfú Oníwájú-Ọkọ̀ ni kí ẹ béèrè. Sáfúrátù ni àkọ́bí mi, tíṣà ni. Iwájú ọkọ̀ sì ni iṣẹ́ tí mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi funfun. N kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe, n kì í fọwọ́ kan wáyà iná. Ohun tó wà láàárín táyà iwájú méjèèjì ni mo mọ̀: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, ààmù, àti àwọn oríkèé irin tó so wọ́n pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, tí sítíárìn ń gbọ̀n, tàbí tí imú ọkọ̀ ń gbá ilẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Gbágùúdá àti ẹ̀gúsí ló ń gbìn, ó sì rò pé èmi náà máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá wá kó ẹ̀gúsí wa, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wá mi rí. Nígbà tó yá, bàbá mi sọ fún ìyá mi pé ọmọ tó bá fẹ́ràn abẹ́ ọkọ̀ tó báyìí, kí àwọn kúkú fi í fún ẹni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀ láàyè. Bó ṣe di pé wọ́n mú mi lọ sí Èrúwà nìyẹn, sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Bàbá Dúpẹ́.

Onígbàgbọ́ ni Bàbá Dúpẹ́, èmi sì jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí. Tó bá ti di ọ̀sán Jímọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa gba sípánà lọ́wọ́ mi pé kí n lọ wẹ̀, kí n lọ kírun. Ṣùgbọ́n ibi tí àánú rẹ̀ mọ nìyẹn. Ó ga, ó gbẹ, kì í sì í pariwo. Tó bá bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ á tún lọ sílẹ̀ sí i, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sì ń bà wá lẹ́rù ju pankẹ́rẹ́ lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Mo gbé àpò aṣọ mi dání, pẹ̀lú àwo páànù tuntun tí ìyá mi rà fún mi. Ọ̀gá kò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó gba àwo náà, ó wò ó, ó ní ó dára. Ó wá gbé e sábẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ti yọ táyà rẹ̀, tó dúró lórí jáàkì nìkan, ó pa dà sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ ta jáàkì náà dànù. Ọkọ̀ wá sílẹ̀ gbì. Nígbà tí wọ́n tún gbé e sókè, àwo mi ti pẹlẹbẹ bí ewé.

Ọ̀gá fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Bí a ò bá tíì ti ìtì igi sábẹ́ ọkọ̀, o ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Orí tìẹ kò le tó páànù.”

Mo fẹ́ sunkún nítorí àwo mi. Màmá Dúpẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló gbé àwo mìíràn jáde fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àṣé gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó ti kọjá níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ àwo wọn pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, màmá kò sì jẹ́ kí àwo tuntun wọ́n nílé.

Fún ìgbà pípẹ́, n kò de nọ́ọ̀tì kankan. Irin ni mò ń fi kẹrosíìnì fọ̀. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, ọ̀gá á ní kí n dijú, á máa kó irin lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sọ ohun tó ń jẹ́, ibi tó wà lára ọkọ̀, àti ẹ̀gbẹ́ tó ti jẹ. Mo máa ń ṣàròyé fún Màmá Dúpẹ́ pé wọ́n fẹ́ sọ mí di afọ́jú. Ìgbà tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ni ó tó yé mi. Lábẹ́ ọkọ̀ tó ti oko dé, ẹrẹ̀ àti gíríìsì ti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ọwọ́ lo máa fi wá irin kiri bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Ohun mìíràn tí ọ̀gá máa ń ṣe fún wa nìyí: ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá tún iwájú ọkọ̀ kan ṣe, òun ló máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ wà á jáde. Ọ̀nà Lánlátẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà, nítorí pé nígbà náà kòtò rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ. Ẹ ò lè mọ bí èèyàn ṣe ń fara balẹ̀ de nọ́ọ̀tì tó bá mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dán an wò. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ní kí awakọ̀ dúró lẹ́nu géètì, tó sọ̀kalẹ̀, tó tún lọ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò kó tó pa dà wọkọ̀.

Nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù, pásítọ̀ gbàdúrà, lèmọ́mù gbàdúrà, àwọn òbí mi jó, mo sì pa dà sí Ìgbó-Ọrà. Abẹ́ igi máńgòrò kan lójú ọ̀nà Ìdèrè ni mo kọ́kọ́ gbé jáàkì mi sí.

Iṣẹ́ gbígbé iwájú sókè kò le nígbà náà. Pikọ́ọ̀pù àtijọ́, sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló wà níwájú rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò léra wọn. Tí àgbẹ̀ bá ní ọkọ̀ òun ń fi imú gbálẹ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni màá lọ. Á fín iná sí i, á tún irin náà tẹ̀ kó rí bí ọrun, á fi ẹyọ kan kún un, ọkọ̀ á sì dìde. Okùn àti ẹfun ìkọ̀wé ni mo fi ń wo táyà bóyá ó dúró déédéé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń yí pa dà. Àwọn kan dé tó jẹ́ pé ọ̀pá irin gígùn kan tó ń lọ́ ara rẹ̀ ló gbé iwájú wọn dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó wà lóde báyìí dé, tí sípíríǹgì rẹ̀ ká bí ìrù ọ̀gà, tí ṣọ́ọ̀kì sì wà láàárín rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì yìí, agolo irin ni, òróró wà nínú rẹ̀, òun ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má baà máa fò. Nínú irú ọkọ̀ yìí, táyà kọ̀ọ̀kan ló ní ààmù tirẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Tí o bá fọwọ́ kan ọ̀kan, gbogbo ìyókù ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó fa ìjàǹbá tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn.

Obìnrin kan wà ní Tápà, Ìyá Ṣàkírá. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi iṣẹ́ gàrí sílẹ̀ fún un, obìnrin náà sì sọ iṣẹ́ náà di ńlá ju bó ṣe bá a lọ. Ó ra pikọ́ọ̀pù, ó gba awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Súlè, wọ́n jọ ń kó gbágùúdá láti oko, wọ́n sì ń kó gàrí lọ sí ọjà Ìgbó-Ọrà. Ṣùgbọ́n odò kékeré kan wà lọ́nà oko lẹ́yìn Tápà. Tí òjò bá ti dé, odò náà á kún, àpáta inú rẹ̀ á sì máa gbá abẹ́ ọkọ̀. Ó bá gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun gbé iwájú rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ kan.

Mo ní ìwọ̀n ìka méjì ni ọkọ̀ yẹn lè gbà. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo ní kí òun náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo fi ààmù hàn án, mo ní, “Ìyá Ṣàkírá, ẹ na apá yín jáde, kí ẹ na án tán.” Ó nà án. Mo ní, “Ó dáa. Ẹ wá gbé ẹrù dání báyìí, kí ẹ sì tún nà án sí i.”

Ó wo apá ara rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá Sáfú, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ṣùgbọ́n odò kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìka méjì.”

Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ní ìlú mìíràn, wẹ́dà kan, ajórin, gé irin nínípọn, ó kì í sókè sípíríǹgì méjèèjì, ó jó o mọ́ ọn. Kò fọwọ́ kan ààmù, kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, kò wo rọ́bà bíréèkì bóyá ó ṣì gùn tó. Ọkọ̀ náà dìde lóòótọ́. Súlè máa ń dín eré kù tó bá dé ẹnu ọ̀nà mi, á fun fèrè, á juwọ́ sí mi láti òkè. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní ràkúnmí. Ó wù mí láti máa bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí. Nígbà tí ó bá ń kọjá, mo máa ń rí i pé táyà iwájú dà bí ẹsẹ̀ ọmọdé tó fẹ́ tọ̀, òkè rẹ̀ súnmọ́ra, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni. Wọ́n ń bọ̀ láti Tápà, Ìyá Ṣàkírá wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Súlè, àwọn obìnrin kan sì wà lórí àpò gàrí lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ dé Ìdèrè ni oríkèé irin táyà ọ̀tún fà yọ. Táyà náà ká sábẹ́ ọkọ̀, imú ọkọ̀ gbẹ́lẹ̀, ó sì yà wọ inú oko gbágùúdá. Ọlọ́kadà kan ló sáré wá pè mí. Títí mo fi débẹ̀, àdúrà ni mò ń gbà.

Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Àpò gàrí ló ya, tí àwọn obìnrin náà sì bọ́ sórí rẹ̀. Gbogbo wọn funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n jókòó sínú ebè, wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ láti mọ̀ bóyá wọ́n pé. Ọwọ́ Súlè kán. Ẹsẹ̀ Ìyá Ṣàkírá kán pẹ̀lú. Ó fẹ̀yìn ti igi, wọ́n ti fi ìró di ẹsẹ̀ náà. Bó ṣe rí mi, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n yẹ ọkọ̀ wò, kí n sì rí i pé wọn kò fà á lọ bó ṣe wà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná díẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti rò pé ó fẹ́ kí n dá ọkọ̀ náà pa dà sí bó ṣe wà. Mo ti ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ló dáa. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, “Bàbá Sáfú, odò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí fún mi ṣì wà ní òdìkejì rẹ̀. Ẹ ti sọ ohun tí kò ṣeé ṣe fún mi. Ta ló máa wá sọ èyí tó ṣeé ṣe?”

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tì mí sí kọ̀rọ̀ rí. Ìka méjì ni mo mọ̀, nítorí pé ibi tí ìmọ̀ mi dé nìyẹn. Mo palẹ̀ mọ́, mo fi ṣọ́ọ̀bù lé Kàmọ́rù lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ mi tó ti gba fíríìdọ̀mù tó ṣì ń bá mi ṣe é, mo sì gba Ìbàdàn lọ.

Ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo lọ, Ṣẹ́gun, tó ní ẹ̀rọ tó ń fi iná wo táyà bóyá ó dúró déédéé. Mo bí irú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo wá kọ́ṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tán kó tó ní kí n ká ọwọ́ aṣọ mi. Inú mi dùn níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àárọ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀, òun á ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ ń wí, èmi á dijú, màá fọwọ́ wá ibi tó jẹ, a ó wá wò ó bóyá ẹ̀rọ àti ọwọ́ mi sọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọn kò bá sọ ọ́, àwa méjèèjì á tún wọ abẹ́ ọkọ̀ pa dà, ẹ̀rín ló sì ń pa wá.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyí, ẹ̀yin tí ẹ máa ra pikọ́ọ̀pù lọ́jọ́ iwájú, ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi irin kún ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ lè ga. Sípíríǹgì tó gùn, tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yẹn, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì rà á pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, nítorí sípíríǹgì gígùn lórí ṣọ́ọ̀kì kúkúrú yóò fà á ya. Tí gíga bá ti fẹ́ ju ìka méjì lọ, ẹ pààrọ̀ ààmù òkè sí èyí tí a tẹ̀ fún gíga náà, kí oríkèé irin lè jókòó sáàárín àyè rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà bíréèkì tó gùn sí i. Ẹ sọ ẹrù tí ọkọ̀ ń kó fún ẹni tó ń ṣe é, torí ọkọ̀ gàrí yàtọ̀ sí ọkọ̀ ọ̀fíìsì. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ kí wọ́n to táyà rẹ̀ kó dúró déédéé. Ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ dúró. Gbogbo ọkọ̀ ló ní ibi tí gíga rẹ̀ mọ, ẹni tó bá sọ fún yín pé kò ní in, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti Ìbàdàn kó irin náà dé. Èmi àti Kàmọ́rù la ṣe ọkọ̀ Ìyá Ṣàkírá. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta ló fi dìde, kò tó ẹ̀ṣẹ́ tó fẹ́. Mo wá mú un lọ sétí odò, mo fi igi wọn omi níbi tí àpáta ti yọrí, mo fi hàn án pé tí wọ́n bá gba ọwọ́ òsì díẹ̀, ìka mẹ́ta tó. Ó wo igi náà títí. Ó ní kò sẹ́ni tó wọn odò rí, ọkọ̀ nìkan ni gbogbo wọn ń wọ̀n.

Nígbà tí òjò mú kí odò kún, a kó gbágùúdá sẹ́yìn ọkọ̀, Súlè wà nídìí sítíárìn pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ti jinná, èmi sì wọlé jókòó tì í, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Àwọn obìnrin tò sí etí odò. A wọnú omi. Mo gbọ́ tí omi ń gbá ilẹ̀kùn, mo gbọ́ òkúta kéékèèké lábẹ́ táyà, mo ń retí kí àpáta gbá wa. Kò gbá wa. Imú ọkọ̀ yọ sókè ní òdìkejì, omi ń ṣàn kúrò lára rẹ̀, àwọn obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Súlè pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi sínú ẹrẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti kún ọwọ́ mi. Wọ́n ń wá láti Tápà, láti Lánlátẹ̀, láti Èrúwà pàápàá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló nílò gíga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ fi pikọ́ọ̀pù tuntun gbé ìyàwó, ó ní kí n gbé e sókè kí ó lè ga ju ti àwọn ọ̀rẹ́ òun. N kò bá a jiyàn. Mo fi búlọ́ọ̀kù gbé gbogbo ọkọ̀ náà dúró ní gíga tó fẹ́, mo ní kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá kó wọ̀ ọ́ wò. Ìyá náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé kejì, kò dé ibẹ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí òun máa fi àkàbà lọ síbi ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bó ṣe wá ni mo ṣe dá ọkọ̀ náà pa dà fún un, a sì jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó náà yó.

Ọkọ̀ Ìyá Ṣàkírá nìkan ló ń dààmú mi. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ odò ti di ìtàn, ó gbé e wá pé iwájú rẹ̀ ń dún. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé, ó ní ó ṣì ń dún. Mo tú u, mo fi gíríìsì sí i, mo de é pa dà. A jọ jókòó lábẹ́ máńgòrò, a sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ó tún pa dà wá. Ọ̀rọ̀ náà wá fẹ́ di ìtìjú fún mi, pé irú èmi kò rí ohun tó ń dún níwájú ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe.

Ìyá Sáfú ti ṣaláìsí tipẹ́ nígbà náà. Sáfú wá kí mi láti ibi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀, ó bá mi lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, Ìyá Ṣàkírá sì wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú abọ́ gàrí tuntun tó gbé wá. Ọmọ mi kí i, ó jókòó, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ, Sáfú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sí mi lábẹ́ ibi tí mo wà.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jáde wá. Ohun tó ń dún yẹn kò sí nínú ọkọ̀.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Nígbà tó yé mi, mo gbórí sókè, mo sì forí gbá ààmù.

Ìgbéyàwó èmi àti Ìyá Ṣàkírá kò ní ariwo púpọ̀. Súlè ló wà wá, Kàmọ́rù ló fọ ọkọ̀. Kàmọ́rù náà ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí, nítorí orúnkún mi kò fẹ́ kí n máa wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Tí àwọn ọmọ-ọmọ wa bá ti pé jọ, wọ́n máa ń bi ìyá wọn àgbà léèrè ohun tó ń dún gan-an nígbà náà. Á fa gèlè rẹ̀ ṣe dáadáa, á ní iwájú ọkọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bàbá yín àgbà ni kò gbọ́ ọ.

Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.